Eré Ogun Orí Tábìlì, àti Ọ̀nà Tí Ó Gba Maiduguri Kọjá

 

Ìbéèrè kan ni ó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan, ọmọ Ìlọrin, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò aṣọ ní ìlú Maiduguri. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi páálí eré kan ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n bá àwòrán ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan tí a lè tẹ́ sórí tábìlì, àwọn táńkì ogun kéékèèké tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ìwé òfin eré, àti dáìsì mẹ́rin. Ogun Alam Halfa ti ọdún 1942 ni wọ́n fi eré náà ṣe. Ìyá yìí wá béèrè pé: ní ìlú tí àwọn ọmọ ti fi ojú ara wọn rí táńkì tòótọ́ tí ó ń kọjá ní títì, ṣé ó yẹ kí á tún jẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣeré nínú ilé? Ọ̀rọ̀ dáìsì náà sì ń kọ ọ́ lóminú.

Ìbéèrè méjì ni, a ó sì dáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kẹta kan wà tí ìyá náà kò béèrè, òun gan-an ni ó sì gbà wá lọ́kàn jù. Àwòrán ilẹ̀ tí ó wà nínú páálí yẹn kò kọjá inú aṣálẹ̀ Mísírà. Maiduguri kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ ìdí tí ìjà náà fi parí bí ó ti parí, kò lè yọ Maiduguri sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ dáìsì kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni ó rọrùn jù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ni ó ka eré dáìsì sí ohun tí a kọ̀ fún Mùsùlùmí, kódà bí kò bá sí owó níbẹ̀. Hadíìsì nípa eré nardashīr, èyí tí ó wà nínú àkójọ Imām Muslim, ni wọ́n sì dì mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ àlàyé kíkún, kí ó tọ áàfáà rẹ̀ lọ. Ohun tí àwa fẹ́ fi kún un ni pé eré ogun lè dùn dáadáa láìsí dáìsì. Àwọn ológun ilẹ̀ Prọ́ṣíà, tí ó di ara Jámánì lẹ́yìn náà, ni ó sọ irú eré yìí di ohun ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1824 ni ọ̀dọ́ ọ̀gá ṣọ́jà kan tí ń jẹ́ Georg von Reisswitz gbé tirẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ológun: wọn a tẹ́ àwòrán ilẹ̀, wọn a to àwọn àmì kéékèèké sí i gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun, wọn a sì ju dáìsì láti mọ iye ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1876, Julius von Verdy du Vernois, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Jámánì, dá a lábàá pé kí wọ́n pa dáìsì àti ìwé òfin jàǹkànjàǹkàn tì, kí wọ́n fi àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ ogun ṣe adájọ́, kí ó máa fi làákàyè àti ìrírí rẹ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kó dáìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, tí ẹ sì fi bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ṣe adájọ́, ẹ kò ba eré jẹ́. Ọ̀nà tí àwọn tí ó ni eré ti tọ̀ rí ni ẹ tọ̀.

H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, kò lo dáìsì ní tirẹ̀. Ní ọdún 1913 ni ó tẹ ìwé kan jáde lórí eré ogun inú ilé, tí wọ́n fi ń ta àgbá kékeré lu ṣọ́jà olójé lórí ilẹ̀ yàrá. Ẹni tí ó kórìíra ogun gidi ni, eré yẹn náà ni ó sì fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé rẹ̀ ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á tẹ́ àwòrán náà. Ogun Àgbáyé Kejì ni, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Hitler. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1942, ọ̀gágun Erwin Rommel ti Jámánì ti lé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ Líbíyà wọ Mísírà. Itòsí El Alamein ni ó dúró sí, nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìlú Alẹksáńdríà. Òkun wà ní àríwá rẹ̀. Ní gúúsù, ilẹ̀ Qattara tí ó jìn kòtò ni ó wà, ọmọ ogun tí ó ní ọkọ̀ wúwo kò sì lè gba ibẹ̀. Àlàfo àárín méjèèjì ni ìjà náà ti wáyé. Lẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òkè gbọọrọ kan wà tí à ń pè ní Alam Halfa. Bí Rommel bá gba òkè yẹn, ó ti wà lẹ́yìn ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà Alẹksáńdríà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀.

Rommel ní nǹkan bí 200 táńkì Jámánì, ti Ítálì tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ náà sì lé ní 200. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù nínú wọn ni Panzer IV tuntun tí àgbá rẹ̀ gùn, kò sì tó 30. Bernard Montgomery, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àkóso Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹjọ ti Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù kẹjọ náà, ní táńkì tí ó tó 700, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kojú àgbá Jámánì. Grant tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Lóru ọjọ́ 30 oṣù náà, Rommel gba apá gúúsù. Ohun àkọ́kọ́ tí ó pàdé ni àwọn bọ́ǹbù tí Gẹ̀ẹ́sì rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ju bí ó ti lérò lọ. Òwúrọ̀ mọ́ bá àwọn ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí kò fẹ́ kí ó bá wọn. Kí ọjọ́ náà tó lọ jìnnà, ọ̀gágun von Bismarck ti kú, ọ̀gágun Nehring, tí gbogbo ẹgbẹ́ táńkì Jámánì wà lábẹ́ rẹ̀, sì ti gbọgbẹ́ láti ọwọ́ àwọn ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan yanrìn. Nínú yanrìn rírọ̀, ẹ́ńjìnnì táńkì a máa mu epo bí aláàwẹ̀ tí ó rí omi nígbà ìṣínu. Rommel rí i pé epo òun kò lè gbé òun yí gbogbo òkè náà po, ó sì yí sí àríwá kí ó tó dé ibi tí ó ti pinnu láti yí.

Ibi tí ó yí sí gan-an ni wọ́n ti ń dúró dè é. Brigadier Roberts ti fi táńkì Ẹgbẹ́ 22 ti Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, àṣẹ Montgomery sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré jáde lọ bá Jámánì. Kí wọ́n jẹ́ kí ó wá bá wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31, lẹ́yìn tí ìjì yanrìn ti rọlẹ̀, ó wá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Grant méjìlá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti jóná, àlàfo ńlá sì ṣí sílẹ̀ láàárín ìlà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ké sí ẹgbẹ́ Royal Scots Greys kí ó sáré wá dí i. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti orí òkè lọ́hùn-ún, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọn kò ní dé mọ́. Wọ́n dé ṣá, ilẹ̀ sì ṣú.

Ní ọjọ́ kejì, apá kan péré nínú ẹgbẹ́ táńkì Rommel ni ó lè kọ lu òkè náà, nítorí epo kò tó fún ìyókù. Ọ̀sán àti òru ni ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ń da bọ́ǹbù lé wọn lórí níbi tí wọ́n dúró sí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, ó pàṣẹ pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Jámánì àti Ítálì pàdánù táńkì 49. Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ṣẹ́gun, pàdánù 67.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye yẹn kà. Ọmọ tí ó bá ń ka òkú táńkì láti mọ ẹni tí ó jáwé olúborí yóò sọ pé Rommel ni. Ọ̀pọ̀ eré ogun tí à ń tà lọ́jà ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ láti máa kà á bẹ́ẹ̀, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe eré náà ti mọ̀ pé ó yẹ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: eré tí ilé-iṣẹ́ Avalon Hill gbé jáde ní 1964 lórí ogun aṣálẹ̀ yìí kan náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lu ọ̀tá láìní ìpèsè lọ́wọ́. Òmíràn tí Richard Berg ṣe ní 1979 tilẹ̀ ka omi tí ṣọ́jà Ítálì yóò fi se makaróni! Ìyẹn ti pọ̀ jù; a gbọ́ pé ó lè gba ènìyàn ní 1,500 wákàtí kí ó tó parí. Ilé mùsùlùmí wo ni yóò rí àyè bẹ́ẹ̀?

Kí ni ó dé tí epo Rommel kò tó? Láti Ítálì ni epo rẹ̀ ti ń bọ̀ lórí omi, wọ́n sì ń rì àwọn ọkọ̀ tí ó gbé e, ní ọjọ́ tí ìjà náà ń lọ lọ́wọ́ pàápàá. Èyí tí ó bá gúnlẹ̀ sí Tobruk ṣì ní ọ̀nà tí ó lé ní 400 kìlómítà láti rìn nínú aṣálẹ̀, epo ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé e sì ń mu títí yóò fi dé.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti rí ọkọ̀ òfuurufú tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní oṣù kẹfà ọdún 1940, tí ilẹ̀ Faransé sì túúbá fún Jámánì, ojú omi Mẹditaréníà di ojú ọ̀nà ikú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkọ̀ òfuurufú sínú àpótí, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra, Hurricane mẹ́fà tí Blenheim kan ń ṣíwájú wọn. Wọ́n gba Èkó, wọ́n gba Kano, wọ́n gba Maiduguri, lẹ́yìn náà El Geneina, El Fasher àti Khartoum, kí wọ́n tó dé Mísírà. Gbogbo ìrìn náà tó nǹkan bí 6,000 kìlómítà. Kí ogun tó kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà ní 1943, ọkọ̀ òfuurufú tí ó gba ọ̀nà yẹn ti lé ní 4,000.

Maiduguri ni ìdúró tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ṣe fún ìjà kò lè fò jìnnà kí epo rẹ̀ tó tán. Nítorí náà ni pápá ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà ní ibì kan sí ibì kan, bí òkúta tí à ń tẹ̀ sọdá odò. Bí òkúta kan bá yẹ̀, ẹni tí ń sọdá ti bọ́ sómi. Nígbà náà, reluwé kò tíì dé Maiduguri. Ọdún 1964 ni ó tó dé ibẹ̀. Ohun tí ó bá wúwo, títì eléruku ni ó ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ibẹ̀ mọ bí ọyẹ́ ti ń bo ojú sánmà, tí ènìyàn kì í rí ọ̀ọ́kán. Nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ń wá pápá kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ gbalasa. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dé.

A kò sọ pé Maiduguri nìkan ni ó ṣẹ́ ogun Alam Halfa. Ọkọ̀ òfuurufú mìíràn wà tí ó gba ọ̀nà mìíràn dé Mísírà. Ṣùgbọ́n àwọn Jámánì fúnra wọn mọ ohun tí ọ̀nà yìí jẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1942, ọkọ̀ Heinkel wọn kan fò láti gúúsù Líbíyà, ó sì da bọ́ǹbù sí Fort Lamy, èyí tí à ń pè ní N’Djamena lónìí, aládùúgbò Maiduguri ní ìhà kejì ààlà. Epo púpọ̀ jóná níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà ń padà lọ, epo tirẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Ó balẹ̀ sínú aṣálẹ̀, ó sì di ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó rí wọn. Ẹni tí ó lọ jó epo ẹlẹ́pọ ni epo tán mọ́ lọ́wọ́!

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́ ìyá náà. Láti oṣù keje ọdún 2009 tí ìjà Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri, ìlú náà ti rí ohun tí ó pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n fẹ́ gba ìlú náà, àwọn ọmọ ogun sì lé wọn padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó sá wá láti Bama àti Gwoza ni ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín ní kíláàsì. Bí ọmọ kan bá wà nínú ilé yín, ìbáà ṣe ọmọ yín, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó máa ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá pariwo, tàbí tí kì í fẹ́ sọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà, ẹ gbé páálí yẹn sí orí àjà. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò lè dúró. Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí orúkọ inú eré padà sí Konduga tàbí Bama kí ó lè dùn. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ ní ìyá tí ẹ ń pàdé lọ́jà. Ogun Alam Halfa ti lé ní ọgọ́rin ọdún; ó ti jìnnà tó láti tẹ́ sórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n bí ọkàn ọmọ bá balẹ̀, tí ó sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa béèrè ìdí nǹkan, èmi yóò jẹ́ kí ó ṣe é, pẹ̀lú àtúnṣe kan. Ẹ gbé ọpọ́n ayò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà. Ojú mẹ́fà ni ó wà ní apá kan ọpọ́n. Ẹ pè wọ́n ní Takoradi, Èkó, Kano, Maiduguri, Khartoum àti Cairo. A fo El Geneina àti El Fasher nítorí ojú ti tán. Ẹ fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú eré, ọmọ tí ó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì yóò ti ìdérí kọ̀ọ̀kan síwájú ní ojú kan; èyí tí ó bá jáde ní Cairo ni yóò lè lò lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Yóò tún fi tuntun sí Takoradi.

Ojú mẹ́fà apá kejì jẹ́ ti Rommel, ọjọ́ mẹ́fà ìjà ni. Ẹ pín ọmọ ayò 48 sí wọn, mẹ́jọ mẹ́jọ. Epo ni. Ẹgbẹ́ táńkì tí ó bá ṣípò yóò san ọmọ ayò kan. Bí ó bá gba inú yanrìn rírọ̀, yóò san méjì. Bí ó bá jà, yóò tún san kan. Ní òru, adájọ́ lè kó ìdajì ọmọ ayò kúrò ní ojú ọjọ́ tí ó wù ú, nítorí ọkọ̀ epo ti rì, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí táńkì méjì bá kojú ara wọn, kí adájọ́ bi àwọn ọmọ méjèèjì léèrè: ta ni ó fara pamọ́, ta ni ó wà ní gbangba, ta ni oòrùn wà lójú rẹ̀? Kí ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí ó tó dájọ́. Ẹni tí ó bá wà lórí òkè Alam Halfa nígbà tí ọjọ́ kẹfà bá parí ni ó borí, iye táńkì yòówù tí ó ti jóná.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ẹ ó parí kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì. Ọmọ tí ó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì yóò tètè gbójú kúrò lára ọpọ́n ayò, nítorí táńkì ni ó dùn ún wò, yóò sì di ọjọ́ kẹrin kí ó tó wò ó, kí ó sì rí i pé ìdérí ìgò kan ti wà ní ojú Maiduguri láti ọjọ́ kejì. Kí adájọ́ má ṣe rán an létí.